Ọkọ̀ Tí Kì í Gbowó

Nígbà tí ọkọ̀ tuntun kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ná Ìbà sí Òkokomáíkò, ọ̀pọ̀ èrò ò mọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́. Tíṣà Dáramọ́lá, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ́ wọn. Ó ti rí Túnjí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tó sì máa ń di ẹ̀rọ pélébé kan mú lẹ́bàá ilẹ̀kùn ọkọ̀. Èèyàn á kàn fi káàdì báńkì rẹ̀ kan ẹ̀rọ náà láìtẹ píìnì, á dún "píì", ó parí. Kò sí wàhálà ṣéńjì, kò sí ariwo.

Inú Dáramọ́lá dùn débi pé kò jókòó sílé mọ́ láàárọ̀. Òun ló ń to èrò sórí ìlà. Òun ló ń fi bí wọ́n ṣe ń na káàdì han àwọn ìyá àgbà. Ó máa ń yin dírẹ́bà pé kì í yẹ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ wò, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é lókè òkun nìyẹn. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Túnjí kì í wá, ọkọ̀ sì ń gbé wọn bẹ́ẹ̀ náà. Dáramọ́lá ṣàlàyé pé ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ń rí káàdì látinú àpò. Òun fúnra rẹ̀ a tún yọ tirẹ̀, a nà án sókè sí òrùlé ọkọ̀, kó lè hàn dáadáa.

Ìyá Àwẹ̀ró nìkan ni kò gbọ́ràn. Ọmọ onílẹ̀ ni, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó sì máa ń lọ wẹ egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ nílé ìwòsàn kan ní Òkokomáíkò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gba ẹ̀gbẹ́ Túnjí kọjá, ó wọlé, ó jókòó. Dáramọ́lá tẹ̀ lé e.

"Ìyá, ẹ ò tíì sanwó."

"Tíṣà, ọkọ̀ yìí kì í gbowó."

"Òótọ́ lẹ sọ. Kì í gbowó, káàdì ló ń gbà."

"Mi ò ní káàdì."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀, mà."

Dírẹ́bà yíjú padà, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Dáramọ́lá ní kó gbájú mọ́ títì. Àwọn èrò ní ìyá náà ń fi àkókò àwọn ṣòfò. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ dúró, ó sọ̀kalẹ̀, ó ń tiro lọ nínú oòrùn. Ó dun Dáramọ́lá díẹ̀. Àmọ́ ó sọ fún ara rẹ̀ pé òfin kò mọ àgbà.

Ìyá Àwẹ̀ró ò wọ ọkọ̀ náà mọ́. Nígbà tí Dáramọ́lá gbọ́ pé egbò náà ti burú sí i, pé kò lè dìde nílẹ̀ mọ́, àánú rẹ̀ ṣe é, ó sì fi fọ́ọ̀mù báńkì ránṣẹ́ sí i kó fi ṣí àkáǹtì.

Lóṣù kẹta, àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ pe ìpàdé sí ibùdókọ̀. Túnjí ò wá. Wọ́n ti gbọ́ nípa tíṣà tó ń to èrò, wọ́n pè é jáde, wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi gíláàsì bò, gbogbo èrò sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá àgbà wọn, Arábìnrin Adéníkẹ́, gba máìkì, tó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Ìbà pé wọ́n wọ ọkọ̀ náà lọ́fẹ̀ẹ́ fún odindi oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi dán ọ̀nà wò, ó sì ní láti ọjọ́ Mọ́ńdè lọ, àwọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gba káàdì.