Ẹ̀rọ Tó Sọ Bàbá Di Abẹ̀bẹ̀

Ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí Olúwa fi ọmọ ọlọ́mọ sí lọ́wọ́.

1. Ipò ọ̀gá ilé-ìwé ni Tíṣà Asiamah ń lé ní Bekwai, ní ilẹ̀ Ghana. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ fẹ́ fẹ̀yìn tì, alábòójútó àwọn ilé-ìwé sì ti ní ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá kàwé níwájú òbí lòun yóò mú arọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó ń ka ìwé Twi, èdè wọn níbẹ̀, sókè dé kíláàsì, inú Asiamah dùn dẹ́yìn. Á tẹ̀ ẹ́, á ní kí àwọn ọmọ máa tẹ̀ lé e, á bọ́ sábẹ́ máńgòrò, á máa fi ẹ̀pà jẹ bọ̀ọ̀lì.

Irú ẹ̀rọ yẹn náà ni Mádáàmù Dufie ń lò ní kíláàsì kejì. Ní tiẹ̀, á dá a dúró, á tún ọ̀rọ̀ pè fún àwọn ọmọ, kó tó tẹ̀ ẹ́ padà.

"Bùrọ̀dá Asiamah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa tẹ́tí sí nǹkan yìí. Kò mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí tìsàlẹ̀ o."

"Ẹ̀rọ tó ti ìlú ńlá wá! Ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ ọ ní Twi? Ìlara yín ti pọ̀ jù, Mádáàmù."

2. Ní Twi, "papa" lè jẹ́ bàbá, ó lè jẹ́ dáadáa, ó lè jẹ́ abẹ̀bẹ̀. Ohùn ló yà wọ́n, bí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ tiwa.

Ọjọ́ pé. Afia Konamah, ọmọ kíláàsì Asiamah, dìde. Bàbá rẹ̀ níwájú gbé àyà sókè. "Bàbá mi dára" ló wà nínú ìwé. Bí ẹ̀rọ ṣe kọ́ ọ ló ṣe kà á: "Abẹ̀bẹ̀ mi dára."

"Afia! Èmi ni abẹ̀bẹ̀?"

Ẹnì kan ké lẹ́yìn: "Bàbá Afia, ẹ wá fẹ́ wa o, ooru ń mú!"

Ẹ̀rín sọ. Ọmọ kejì kà á, abẹ̀bẹ̀. Ẹ̀kẹta, abẹ̀bẹ̀.

Alábòójútó ní, "Ta ló kọ́ yín?"

"Ẹ̀rọ ni, sà."

"Tíṣà yín ńkọ́?"

"Wọ́n máa ń wà lábẹ́ máńgòrò, sà."

3. Dufie ni wọ́n fi joyè ọ̀gá. Ìyẹn dun Asiamah, ṣùgbọ́n ti Afia ló gún un lọ́kàn jù. Bó bá ti ní kó kàwé sókè, ọmọ náà á pa ìwé dé.

"Tíṣà, wọ́n á tún rẹ́rìn-ín."

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀rọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀; Ọlọ́run ló fún ènìyàn lọ́gbọ́n tó fi ṣe é. Àmọ́ alágbàṣe tó fi àgùntàn sílẹ̀ yóò jíhìn. Ẹ gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ ń kà kí ọmọ tó gbọ́ ọ. Níbi tó bá ti ṣìṣe, ẹ dá a dúró, kí ẹ la ẹnu yín kọ́ni. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ.