Máàkì Ọ̀wọ́n Kọ́lẹ́ẹ̀jì Olókùúta

Kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì ló gba Mùsílímátù wọlé lọ́dún tí ìjọba ní ẹnikẹ́ni tí yóò bá máa kọ́ ọmọdé níwèé, àgbà ni o, èwe ni o, gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí tuntun. Ọ̀kan ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ọlọ́pẹ, níbi tí máàkì ti pọ̀ bí omi òjò. Èkejì ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Olókùúta, níbi tí Ọ̀mọ̀wé Gbọ́njúbọ́lá ti ń kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹni tó bá gba àádọ́ta ń ṣe sàráà.

Sàníù, bàbá rẹ̀, tó ń dáko ẹ̀gẹ́ ní Ẹrúnmu, ti pinnu tirẹ̀.

"Ọlọ́pẹ ni wàá lọ. Bí àgbàdo bá ti yọmọ, ta ló ń béèrè ilẹ̀ tó ti hù? Najeem ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ síbẹ̀, ọgọ́rin-ọgọ́rin ni máàkì rẹ̀."

"Ṣùgbọ́n Najeem ò lè kọ lẹ́tà láìbẹ̀ mí, Bàbá."

"Ṣé lẹ́tà ni wọ́n ní kó kọ kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́?"

Mùsílímátù fẹ́ dé yunifásítì lọ́jọ́ iwájú, ó sì mọ̀ pé máàkì kékeré lè dínà mọ́ òun. Ó gbà. Lọ́jọ́ tó ń lọ sọ fún wọn ní Ọlọ́pẹ pé òun ń bọ̀, ó wọ mọ́tò ní Adégbayì. Bàbá kan tó wọ awò ojú, tó fi bírò kọ́ àpò dàńṣíkí, jókòó tì í.

"Níbo là ń lọ, ọmọ mi?"

"Ọlọ́pẹ ni, sà. Olókùúta náà gbà mí, àmọ́ Ọ̀mọ̀wé Gbọ́njúbọ́lá ni mo ń sá fún. Ìkà ni, sà. Wọ́n ní bí áńgẹ́lì bá kọ àròkọ fún un, ogójì ni yóò fún un."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ nù.

"Ogójì? Á jẹ́ pé áńgẹ́lì náà gbìyànjú."

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n, sà?"

"Ta ló tún mọ̀ ọ́n tó mi? N kì í pa kíláàsì yẹn jẹ. Ojú mi báyìí ni bírò pupa ṣe ń la àròkọ já láti òkè dé ìsàlẹ̀." Ó gbé awò ojú rẹ̀ padà sójú. "Inú máa ń bí ni. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń fún gbogbo èèyàn ní ọgọ́rin, báwo lo ṣe máa mọ ọjọ́ tí nǹkan yé ọ? Olókùúta ni kí o wá. Kí lorúkọ rẹ?"

Ó sọ ọ́ fún un. Mọ́tò dúró lẹ́nu géètì Olókùúta.

"Tíṣà, ẹ ti dé o!" dẹ́rẹ́bà pariwo.

Bàbá náà sọ̀ kalẹ̀, ó sì wọ inú ọgbà lọ. Mùsílímátù bọ́ọ́lẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó yí padà sílé.

"Bàbá, mo ti bú Ọ̀mọ̀wé Gbọ́njúbọ́lá lójú ara rẹ̀."

Sàníù gbé ọkọ́ sílẹ̀. "Kí ló wá sọ?"

"Ó ní kí n wá sí Olókùúta. Ó tún béèrè orúkọ mi."

"Orúkọ rẹ?" Ojú Sàníù tàn. Ó wo Fàtímọ̀, ìyàwó rẹ̀. "Ẹ ò rí nǹkan! Ọmọ yìí ti ní èèyàn níbẹ̀. Olókùúta ni yóò lọ. Ilé ìwé tí wọn kì í ti í fi máàkì ṣeré ló dára."

Fàtímọ̀ wò ó, ó ń bá ẹ̀gẹ́ rẹ̀ bíbó lọ.

Bí Mùsílímátù ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ Olókùúta nìyẹn. Lọ́jọ́ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, ó tètè dé, ó sì jókòó síwájú gan-an kí ojú má baà fò ó. Nígbà tí bàbá náà yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó sáré kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Bàbá mi ní kí n kí yín dáadáa."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín sí i, ó ní kó bá òun kí bàbá rẹ̀ padà, ó lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn láàrin àwọn tó ń tún kíláàsì náà kà, ó fa bírò yọ, nígbà tí ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan sì wọlé pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, bàbá náà ló kọ́kọ́ fò dìde nínú gbogbo kíláàsì, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Ọ̀mọ̀wé Gbọ́njúbọ́lá, mà."