Akọ̀wé Tí Kì Í Wá sí Ọ́fíìsì

Ní ọdún 1988, Bọ́lárìnwá télọ̀ pinnu pé òun ń fẹ́ akọ̀wé. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì péré ló wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Àgùdà, kò sì sí tẹlifóònù níbẹ̀. Yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé àdúgbò ló ń rán. Iṣẹ́ yẹn ló ń bọ́ òun àti Fàrídà ìyàwó rẹ̀, síbẹ̀ ojú ń tì í. Ilé iṣẹ́ ńláńlá ló fẹ́ máa ránṣọ fún, ó sì dá a lójú pé wọn kì í dá ẹni tí kò ní nọ́ńbà tẹlifóònù lóhùn.

Ohun tó ń wá kò le. Obìnrin tó ní tẹlifóònù nílé ni, tí yóò máa dáhùn bí ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì.

Adéfúnmiláyọ̀ ló kọ́kọ́ wá. Ó ti jáde ní yunifásítì, ṣùgbọ́n kò ní tẹlifóònù. Bọ́lárìnwá bi í bóyá ìwé ẹ̀rí ni yóò máa gbé sétí. Jemilat ní tẹlifóònù ní tirẹ̀. Bọ́lárìnwá lọ pè é láti pósófíìsì, ó gbọ́ igbe ọmọ àti ìró odó, ó sì gbé e kalẹ̀ láì fọhùn. Ó sọ fún Fàrídà pé aláìmọ̀kan ló kún ìlú yìí.

Lydia ló ṣe ìkẹta. Opó ni, ní Àgùdà kan náà ló ń gbé, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́ ìjọba ló fi tẹlifóònù sílẹ̀ fún un. Lydia fi àgádágodo kékeré ti ojú tẹlifóònù náà kí ẹnikẹ́ni má baà fi pe ìta. Ohùn rẹ̀ tutù, kì í sì í kánjú.

"Irú ìrírí wo lẹ ní?" ni Bọ́lárìnwá bi í.

"Ọdún mẹ́jọ rèé, ọ̀gá. Ọ̀gá mẹ́rin ló ń lo tẹlifóònù mi báyìí. Kò sí èyí tó ní ọ́fíìsì nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè kò lè mọ̀."

Bọ́lárìnwá bi í bóyá àwọn èèyàn máa ń gbà á gbọ́. Lydia ní wọ́n máa ń gbà á gbọ́ dáadáa.

"Àwọn ọ̀dẹ̀," ni Bọ́lárìnwá wí, ó sì gbà á síṣẹ́.

Ó tẹ káàdì, nọ́ńbà Lydia hàn gàdàgbà nísàlẹ̀. Ó ní kó bá òun wá ilé iṣẹ́ ńlá kan. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Lydia fi ránṣẹ́ pé ilé iṣẹ́ Ambrose àti Àwọn Ọmọ, tó ń pèsè ọlọ́dẹ, ń wá ẹni tí yóò rán ọ̀ọ́dúnrún yunifọ́ọ̀mù. Ọ̀gá ibẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá ilé iṣẹ́ Bọ́lárìnwá tóbi tó.

"Ẹ sọ fún un pé òṣìṣẹ́ ogójì ni mo ní," ni Bọ́lárìnwá wí. "Ẹ ní mo wà ní ìpàdé."

Èsì dé lọ́jọ́ kejì. Inú ọ̀gá náà dùn, ṣùgbọ́n ìpàdé lòun náà wà, yóò pè fúnra rẹ̀ tó bá ráyè. Èyí wu Bọ́lárìnwá. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí òun máa bá ṣe.

Lọ́jọ́ náà ló dá aṣọ gbogbo oníbàárà rẹ̀ padà. Fàrídà bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ti iléèwé nìkan sílẹ̀, torí ibẹ̀ làwọn ti ń jẹun. Bọ́lárìnwá ní kò bójú mu kí ẹni tó ń ránṣọ fún Ambrose tún máa wọn ìbàdí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Àwọn ìyá ọmọ kó aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ télọ̀ òdìkejì títì, wọn kò sì padà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, Ambrose kò pè. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ara Bọ́lárìnwá kò gbà á mọ́. Ó lọ sílé Lydia láì sọ tẹ́lẹ̀, kó lè wà níbẹ̀ bí tẹlifóònù bá dún. Ọkùnrin kan ti jókòó ní pálọ̀. Lydia wo àwọn méjèèjì, ó padà sí ìdí ìkòkò rẹ̀.

Gìgísẹ̀ bàtà ọkùnrin náà ti jẹ tán, báàgì náílọ́nù ló gbé lé ẹsẹ̀. Bọ́lárìnwá sún kúrò kí aṣọ wọn má baà kanra. Ọkùnrin náà ní òun ń retí ìpè ọ̀gá ńlá kan.

"Àwọn ọ̀gá ńlá kì í pe irú yín," ni Bọ́lárìnwá wí. Ó fi káàdì tirẹ̀ lé e lọ́wọ́, kó lè rí bí káàdì ẹni ńlá ṣe máa ń rí.

Ọkùnrin náà ka káàdì náà tán, ó wo tẹlifóònù tí àgádágodo wà lójú rẹ̀, ó wá fa káàdì kan yọ nínú báàgì náílọ́nù, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bọ́lárìnwá: Ambrose àti Àwọn Ọmọ ni wọ́n kọ sí i lókè, nọ́ńbà kan náà ló sì wà nísàlẹ̀ àwọn méjèèjì.