Igbá Ìgbọ́nmi Oyèkúnlé

Oyèkúnlé kì í gba ẹnikẹ́ni láyè nídìí igi gbígbẹ tó wà láàárín adágún, àgàgà lópin òjò tí ẹja èpìyà ń sanra. Nígbà tó débẹ̀ ní ìdájí, tó bá ọkọ̀ mìíràn, ó gbaná jẹ.

"Ta ni wọ́n bí dáa níbẹ̀ yẹn? Kúrò kí n tó fi àjẹ̀ là ọ́ lórí!"

Ọkùnrin inú ọkọ̀ náà kò wẹ̀yìn. Ó ń fi igbá gbọ́n omi.

"Ọkọ̀ ẹ ń jò? Kó rì, olè!"

Ìgbà tó sún mọ́ ọn ló rí i pé inú adágún ni ọkùnrin náà ti ń bu omi, inú ọkọ̀ ara rẹ̀ ló ń dà á sí. Síbẹ̀, ọkọ̀ náà gbẹ táútáú.

Òtútù mú Oyèkúnlé lẹ́sẹ̀. Ó wolẹ̀. Omi ti kún ọkọ̀ tirẹ̀, ó kù díẹ̀ kí etí ọkọ̀ bá omi adágún dọ́gba. Ó nawọ́ sábẹ́ ìjókòó kó mú igbá ìgbọ́nmi rẹ̀, kò bá a.

Ọkùnrin náà gbé igbá sókè. Okùn àwọ̀n tí ìyàwó Oyèkúnlé fi rán ojú ibi tó là ṣì wà lára rẹ̀.

"Ó ku ẹ̀kún igbá kan," ló wí, ó sì ti igbá bọ omi.