Fídíò Inú Láptọ́ọ̀pù Olúyọmí

Lẹ́yìn ìsìnkú Olúyọmí, Naomi ìyàwó rẹ̀ gbé láptọ́ọ̀pù ọkọ rẹ̀ láti Ọ̀kà wá sí ṣọ́ọ̀bù Stephen, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkàrẹ́. Inú pálọ̀ ni wọ́n ti gún ọkùnrin náà lọ́bẹ pa. Kámẹ́rà tó fi sára ògiri níbẹ̀ máa ń kó gbogbo ohun tó bá rí sínú láptọ́ọ̀pù yìí.

“Ẹni tó ṣe é ti pa fídíò náà rẹ́,” Naomi wí. Ẹkún ti mú ojú rẹ̀ wú. “Ẹ̀ńjinníà, ṣé ẹnikẹ́ni ṣì lè rí i?”

Stephen yẹ ẹ́ wò.

“Inú garawa ìdọ̀tí kọ̀ǹpútà ló jù ú sí, ó wá da garawa náà nù. Orúkọ fídíò nìkan ló lọ, mà. Fídíò gan-an ṣì wà nílẹ̀.”

“Kí ló yẹ kó ṣe tí kò fi ní í sí mọ́ rárá?”

“Àṣẹ kan wà téèyàn ń fọwọ́ tẹ̀, tó máa ń kọ pàǹtí lé e lórí. Ká ní ó mọ ìyẹn ni, ó ti parí. Ọlọ́run ló bá wa ṣe é.”

Naomi mi orí. “Ẹ bá mi gbé e jáde.”

Iṣẹ́ ti ń parí lọ nígbà tí Akíndèjì, àbúrò Olúyọmí, já wọlé tàdátàdá. Gbogbo àdúgbò wọn ló mọ̀ pé òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jà sí ilẹ̀ bàbá wọn.

“Àṣé ìwọ náà mọ̀ sí i!”

Ó fi ẹ̀gbẹ́ àdá gbá Stephen lẹ́nu. Eyín kan fò jáde. Ó na ọwọ́ sí láptọ́ọ̀pù.

“Gbé e fún mi! Má jẹ́ kó—”

Naomi ti gbé sitabiláísà, ó là á mọ́ ọn lórí. Akíndèjì ṣubú. Ó tún là á mọ́ ọn, ó tún là á, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi ta pútú mọ́.

“Mà, ó tó!” Stephen kígbe. “Ẹ ti gba ẹ̀mí mi là.”

Naomi gbé sitabiláísà sílẹ̀, ó ń mí hẹlẹ. “Ṣé ó ti jáde?”

Stephen fi apá ẹ̀wù nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀, ó ṣí fídíò náà. Olúyọmí nà gbalaja sílẹ̀, ẹnì kan jókòó lé e láyà, ó ń gún un, kò dẹwọ́, àfìgbà tó gbé ojú sókè sí kámẹ́rà.

Naomi ni, Naomi tó ti ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù láti inú.