Ọ̀sẹ̀ Mélòó Ló Kù?

Ojú èmi àti ọkùnrin kan ṣe mẹ́rin ní aago méje àárọ̀, bí àwọn nọ́ọ̀sì alẹ́ ṣe ń gbéṣẹ́ lé wa lọ́wọ́.

Emmett lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń ti bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn kiri.

Ọkàn mi fà sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Nọ́ọ̀sì arìnrìn-àjò ni mí, láti Georgia, irú èyí tí wọ́n ń gbà fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ níbi tí nọ́ọ̀sì ò bá tó. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ mi rèé: ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá péré, ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Nebraska.

"Àlejò, wọ́ọ̀dù kejì ò ní èèyàn tó. Gbéra!" ni Darlene, ọ̀gá wa, máa ń wí.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé èmi nìkan lẹ rí ni?"

"Àlejò la kọ́kọ́ ń rán lọ sí wọ́ọ̀dù míì. Ó yá, máa lọ!"

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, Emmett á béèrè pé: "Simone, ọ̀sẹ̀ mélòó ló kù tí wàá lọ?"

Ohùn rẹ̀ máa ń gbọ̀n. Mo gbà pé kò fẹ́ kí n lọ ni, mo sì máa ń sunkún ayọ̀ délé.

Lónìí, mo sáré bá a.

"Mi ò lọ mọ́! Darlene ní kí n dúró pátápátá. Mo ti fọwọ́ sí i!"

Emmett rọra jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì òfìfo.

"Ipò ìyàwó mi lo wà. Nọ́ọ̀sì lòun náà; wọ́n ń fi ipò náà dè é títí ara rẹ̀ á fi yá. Ìgbà tó o bá lọ ló yẹ kó padà."

Mo jókòó tì í.

"Á jẹ́ pé ìyàwó mi ti sọ fún Darlene pé òun ò ní lè padà mọ́."

Ó fa lẹ́tà kan yọ nínú àpò.

"Ó kọ ọ́ sí ẹni tó bá gba ipò òun. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ipò náà."

Ó fi lẹ́tà náà lé mi lọ́wọ́.