Asẹ́ Ọ́ìlì Tíṣà

Ẹ́ńjìnnì alùpùpù Tíṣà Hezekiah ti nọ́ọ̀kì lójú ọ̀nà Òkè-Ìlá.

Èrò ti kún ṣọ́ọ̀bù Àdìsá mẹkáníìkì, Bàbá Ráfíù.

"Asẹ́ ọ́ìlì tuntun ni mo fi sí i lánàá," Àdìsá ń búra.

Ẹnìkan na asẹ́ tó ya sí i. "Tuntun wo ló ń ya lọ́jọ́ kan, Bàbá Ráfíù?"



Bí Tíṣà kò bá dárí ji Àdìsá, ta ni yóò tún gbé iṣẹ́ wá fún un?

Àdìsá, tó fi ọdún mẹ́wàá ju Tíṣà lọ, dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ ṣàánú mi."

Lánàá, bí Tíṣà ti délé, ó yọ asẹ́ tuntun pamọ́, ó fọ ògbólógbòó tí Àdìsá dá padà fún un, ó sì tún fi í sínú ẹ́ńjìnnì, torí kò fẹ́ ìfiṣòfò.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n," ni Tíṣà wí. "Mo ti dárí jì yín."